Asà Apá Òsì

Ayọ̀ tó wà lójú Bàbá Ọláolú lọ́jọ́ tó kó àwọn asà náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣe é fẹnu sọ. Lẹ́yìn ìsìn, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó sì ń tò wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń to ẹyin. Irin aláwọ̀ idẹ ni wọ́n, kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ nínú wọn, wọ́n sì ti fi aṣọ líle tẹ́ ẹ̀yìn wọn kí wọ́n lè ṣe é rán mọ́ apá aṣọ. Lókè asà kọ̀ọ̀kan, ẹyẹ idì kan na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi èékánná di adé ewé róbótó kan mú. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ kan, wọ́n kọ KRIM sí i lára, wọ́n sì kọ ọdún méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹyẹ náà, 1941 àti 1942.

Ọdún 1997 là ń wí yìí, ní ìjọ Áńgílíkà kékeré kan tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ní Springdale, l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń lo gbọ̀ngàn ilé ìwé fún ìsìn wọn. Bàbá Ọláolú ni Bàbá Ìjọ. Ó ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, òun a máa dúró sétí títì wo àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Bìrìgéèdì bí wọ́n ṣe ń yan kọjá tí báàjì ń dán lápá wọn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá òun kò jẹ́ kí òun wọ ẹgbẹ́ náà. Òun wá rí àwọn asà wọ̀nyí lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù àtijọ́ létí Route 5, nítòsí ilé òun ní Clinton. Ọkùnrin náà ní ẹrù ológun ni, irin gidi, kì í dípẹtà. Bàbá kò bi í ní nǹkan mìíràn. Kí ló kù tó fẹ́ bi í? Asà rèé, ìgbàgbọ́ nìyẹn. Idì rèé, agbára ẹni tó dúró de Olúwa nìyẹn. Adé rèé, ó ń dúró de àwọn tó bá ṣe olóòótọ́ dópin. Nígbà tó kan ọdún tó wà lára rẹ̀, Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àárín ọdún méjèèjì yẹn gan-an ni wọ́n bí i, lásìkò tí iyọ̀ wọ́n bí ojú, lásìkò tí àwọn ará ilé ń pè ní ogun Hítílà.

"Ọlọ́run ló kọ ọdún ìbí mi sára irin, tó fi ránṣẹ́ sí mi ní Amẹ́ríkà," ló wí, ìjọ sì pàtẹ́wọ́.

Alùfáà Fọláhàn ta òróró sí àwọn asà náà, ó gbàdúrà lé wọn lórí, ó sì kéde pé gbogbo ọmọ Bìrìgéèdì ìjọ ni yóò wọ̀ wọ́n lápá òsì ní Sọ́ńdè Ìgbàwọlé, ọjọ́ tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ tuntun sínú ẹgbẹ́, nígbà tí àwọn ìjọ mìíràn bá wá bá wọn yọ̀.

Ọwọ́ Bọ́lánlé ni iṣẹ́ rírán rẹ̀ bọ́ sí. Nọ́ọ̀sì ni Bọ́lánlé, òun náà sì ni kápútẹ̀nì àwọn ọmọ Bìrìgéèdì, òun ló ń kọ́ wọn ní yíyan, òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù wọn. Kò tiẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun létí. Ohun tí Bàbá Ọláolú jẹ́ fún un kò kéré. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà nínú òtútù, tòun ti búláòsì fẹ́lẹ́ tó wọ̀ kúrò l'Ékòó, Bàbá ló wá pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, tó bọ́ kóòtù ọrùn ara rẹ̀ fún un. Ilé wọn ní Clinton ló gbé títí ó fi yege ìdánwò nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tí wọn kò fún bàbá rẹ̀ ní físà, Bàbá Ọláolú ló dì í lọ́wọ́ mú dé iwájú pẹpẹ. Bí Bàbá bá ní kó jókòó sórí ẹ̀gún, Bọ́lánlé yóò kọ́kọ́ jókòó ná kó tó béèrè ìdí.

Ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ Ìgbàwọlé, ó gbé àga síta lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní College Park, ó ń rán asà, ó ń kọ orin ìyìn lábẹ́ ohùn. Ó ti rán wọn mọ́ bí ìdajì àwọn aṣọ náà nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Mísítà Aaron ni orúkọ rẹ̀, àgbàlagbà Júù kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Bí òtútù bá ti lọ tán báyìí, a máa fún Bọ́lánlé ní irúgbìn tòmátì, Bọ́lánlé náà a sì máa bu ọbẹ̀ tí kò ní ata púpọ̀ fún un. Ó gbé irúgbìn dání lọ́jọ́ náà. Bí ojú rẹ̀ ṣe ba ohun tó wà lórí itan Bọ́lánlé, ó gbé irúgbìn náà sílẹ̀, ó sì mú aṣọ náà láìtọrọ, ohun tí kò jẹ́ ṣe rí.

Ó bi í pé ta ló fún un. Bọ́lánlé fi ìdùnnú ṣàlàyé fún un láti orí asà dé orí idì, láti orí idì dé orí adé ìyè. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka kan àárín adé róbótó náà, níbi tó ṣófo.

"Ohun kan wà nínú ibí yìí tẹ́lẹ̀," ló wí. "Àmì àwọn Násì ni. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Jámánì gbà kí àwọn ológun àtijọ́ tún máa wọ báàjì wọn, bí wọ́n bá ti yọ àmì yẹn kúrò. Irú èyí tí wọ́n tún rọ nìyí. Ìdí nìyẹn tó fi ṣófo."

Ó wá fi ìka tọ àwòrán ilẹ̀ náà. Kìrìmíà ni, létí Òkun Dúdú. Àwọn ọmọ ogun Hítílà tó jà níbẹ̀ ní ọdún méjì yẹn ni wọ́n ṣe asà yìí fún, kí wọ́n máa rán an mọ́ apá òsì yunifọ́ọ̀mù wọn, kí gbogbo ẹni tó bá rí wọn lè mọ ibi tí wọ́n ti jagun fún ọ̀gá wọn. Ó sọ fún Bọ́lánlé pé ìlú kan wà láàárín ilẹ̀ náà, Simferopol, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá òun. Ọkọ ni ìyá òun wá fẹ́ ní Baltimore kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì kò bá a wá. Nígbà òtútù ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹyẹ yẹn, wọ́n kó àwọn Júù ìlú náà lọ sẹ́yìn odi, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n sínú kòtò.

"Èyí tó kéré jù nínú àwọn àbúrò ìyá mi," ó tún aṣọ náà wò, "ì bá wọ èyí nígbà náà, kò ní tóbi jù fún un."

Mísítà Aaron ká aṣọ náà dáadáa, ó sì dá a padà fún un. Ó ní òun kò ní kó ṣe ohunkóhun. Bọ́lánlé ti sọ ohun tí asà náà jẹ́ lójú tirẹ̀, òun náà sì ti sọ ohun tó jẹ́ lójú òun. Ó wá gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà padà sílé rẹ̀.

Bọ́lánlé wo òrùka ṣíṣófo tó ti ń pè ní adé ìyè láti àárọ̀. Nígbà tó yá, ó mú abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tó rán kẹ́yìn.

Nígbà tó sọ fún Babáwálé ọkọ rẹ̀, tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kan, ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ náà burú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó òun fẹ́ lọ ko Bàbá Ìjọ lójú, ó yí ohùn padà.

"Ṣé ìwọ lo bí Hítílà ni?" ló wí. "Jọ̀ọ́, má kó wa sí trọ́bù. Bàbá yẹn ló fà ẹ́ lé mi lọ́wọ́. Tó o bá wá bá a jà, ọ̀dọ̀ ta ni màá máa lọ fẹjọ́ rẹ sùn?"

Bọ́lánlé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ní òun kò lọ jà, òun ń lọ sọ fún bàbá òun ni. Ó dá a lójú pé bí Bàbá bá ti gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó wọn dànù.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá Ọláolú fi ẹ̀rín gbà á, ó ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tí Bọ́lánlé rò ó tán, ẹ̀rín náà kò sí mọ́. Bàbá kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni. Nígbà tí Bọ́lánlé fi ìka tọ ilẹ̀ náà fún un nínú átíláàsì tó wà nínú pálọ̀ rẹ̀ gan-an, tí àwòrán méjèèjì bára mu, Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó ní kí ló wá burú níbẹ̀? Òun, ọkùnrin dúdú, ọmọ Ìbàdàn, ta ni yóò wo òun tí yóò pe òun ní Násì? Ṣé gbogbo ohun tí èèyàn ń wọ̀ nílùú òyìnbó yìí ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́? Kóòtù tí òun bọ́ fún un lọ́jọ́ tó dé ńkọ́, ṣé ó bi òun ní ìtàn rẹ̀ kó tó kì í bọrùn?

"Alùfáà ti ta òróró sí i," ló wí. "Àbí òróró kò lágbára mọ́ ni?"

"Ó lágbára, Bàbá," Bọ́lánlé kúnlẹ̀, ó fèsì. "Ṣùgbọ́n kóòtù kì í sọ̀rọ̀. Asà yìí ń sọ̀rọ̀. Ìyìn ni wọ́n fi ṣe fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ gbà mí láyè kí n bi yín ní nǹkan kan, sà. Àwọn tó jó ìlú àwọn bàbá wa nígbà kan, tí wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sétí òkun, bí ẹnì kan bá rọ asà láti fi yìn wọ́n, tó ya àwòrán ìlú náà sí i, ṣé ẹ máa rán an mọ́ apá ọmọ tí ẹ bí?"

Bàbá dìde, ó lọ dúró síwájú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Bọ́lánlé mọ ohun tó ń dùn ún, ó sì ń dun òun náà. Bàbá ti jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ó ti fi fóònù pe àwọn ọ̀rẹ́ láti New Jersey pé kí wọ́n wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ohun tó wù ú nígbà èwe rẹ̀, tí wọn kò jẹ́ kó ní, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí.

"Rán an," ló wí láìyíjú padà. "Kí Sọ́ńdè náà kọjá ná. Tó bá kọjá, a lè wá sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní í rán an, Bàbá."

Kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ bí ìró ohun tó fọ́. Bàbá ní kó máa lọ, oúnjẹ tí wọ́n gbé wá kò sì rí ẹni jẹ ẹ́.

Bọ́lánlé fi fóònù pe Alùfáà Fọláhàn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni alùfáà náà, kì í fẹ́ kí omi dàrú. Ó kẹ́dùn fún àwọn ará Simferopol, ó ní òun yóò rántí wọn nínú àdúrà. Lẹ́yìn náà, ó ní ká má dójú ti àgbà níwájú àlejò. Lẹ́yìn Ìgbàwọlé, wọn yóò wá ọ̀nà fi àwọn asà náà pamọ́ láìpariwo. Bọ́lánlé bi í pé bí ohun kan bá jẹ́ ìríra lọ́jọ́ Ajé, ṣé ó lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀? Alùfáà ní Bọ́lánlé máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́. Bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fà á. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yí ọkàn padà nínú wọn.

Bọ́lánlé tú gbogbo rẹ̀. Kò gbé nǹkan mìíràn dípò wọn. Ojú ihò abẹ́rẹ́ hàn lápá òsì aṣọ kọ̀ọ̀kan tó ti rán tẹ́lẹ̀ ní ìrísí asà, ó sì lè fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kó pòórá, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn asà náà sínú àpò kékeré kan, ó so ó lẹ́nu.

Sọ́ńdè Ìgbàwọlé pé. Gbọ̀ngàn náà kún, àwọn àlejò tò sí iwájú, àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá láti New Jersey wà láàárín wọn pẹ̀lú kámẹ́rà. Àwọn ọmọ tò sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run wọn. Bàbá Ọláolú yí ọrùn padà láti fi wọ́n han àwọn àlejò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wá dúró sí apá òsì wọn. Ó wo ọmọ àkọ́kọ́, ó wo èkejì. Ó dìde láàárín orin. Àwọn tó ń kọrin rí i, ohùn wọn ń rọlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dùùrù nìkan fi kù, dùùrù náà sì dákẹ́.

Ó béèrè pé níbo ni àwọn asà wà. Kò pariwo.

Bọ́lánlé kúrò lórí ìlà. Ó rìn gba àárín ìjọ kọjá dé iwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò náà fún un.

"Ohun yín rèé, Bàbá. Kò sí èyí tó sọnù níbẹ̀. Èmi ni mo tú u, kò sí ẹni tó bá mi tú u. Báàjì àwọn ọmọ ogun Hítílà ni, ọmọ kankan tí mo bá ń kọ́ ní yíyan kò sì ní í gbé e sápá wọ ilé Ọlọ́run."

Àwọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti mọ̀ báyìí, kámẹ́rà àwọn ará New Jersey sì wálẹ̀ sórí itan wọn. Alùfáà Fọláhàn sọ̀ kalẹ̀ láti ibi àga rẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó rọ Bọ́lánlé, ó ní ohun tó bá fẹ́ sọ, a ó gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá níwájú gbogbo èèyàn, kí ìsìn lè máa lọ.

"Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá nítorí pé bàbá mi ni wọ́n," Bọ́lánlé wí. "Bí wọ́n bá ní kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, màá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tọrọ àforíjì, sà. Mi ò ṣẹ̀."

"Bọ́lánlé, o kúnlẹ̀, o sì ń ṣagídí. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì, sà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín mọ́nú lẹ́yìn, ó sì yára wúkọ́ lé e. Alùfáà na ọwọ́. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi fèrè àṣẹ tó fi ń darí àwọn ọmọ sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè gba àṣẹ kò yẹ lẹ́ni tó ń pa á. Bọ́lánlé yọ fèrè náà lọ́rùn. Ọdún tó fi wà lọ́rùn rẹ̀ ti pẹ́ débi pé okùn rẹ̀ ti ṣá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún alùfáà, ó dìde, kò sì gba ẹnu ọ̀nà jáde bí àwọn kan ṣe rò. Ẹ̀yìn ìlà àwọn ọmọ ló lọ, níbi tí àwọn tó kéré jù ń dúró sí, ó sì nara ṣánṣán bí ọ̀kan nínú wọn.

Alùfáà fọn fèrè. Àwọn ọmọ kò mira. Kì í ṣe oríkunkun, fèrè tó fọn gùn jù, wọn kò mọ ohun tó ń fi í sọ. Ó tún un fọn. Àwọn ọmọ yí orí padà, wọ́n wo ẹ̀yìn. Bọ́lánlé kò sọ̀rọ̀, kò sì gbé ọwọ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan ló gbé, tó sì gbé e kalẹ̀. Gbogbo ìlà náà gbé ẹsẹ̀ òsì. Dùùrù tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yan wọlé, apá wọn ń fì níwá-lẹ́yìn, apá òsì àti apá ọ̀tún bákan náà, títí wọ́n fi kọjá níwájú Bàbá Ọláolú, tó jókòó, tó gbé àpò náà sórí itan, tó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e.

Lẹ́yìn ìsìn, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ bá Bọ́lánlé sọ̀rọ̀. Àwọn kan kí i láti òkèèrè bí ẹni tó ń kí ẹni tí ìgbóná ń ṣe. Babáwálé dúró tì í, ó gba báàgì rẹ̀ gbé, ó ní òun ti kìlọ̀, ó sì tún ní òun kò mọ̀ pé òun fẹ́ obìnrin tó le tó báyìí. Bọ́lánlé kò tíì fẹ́ lọ. Ó rí Bàbá Ọláolú níbi tó ti ń wọ mọ́tò rẹ̀ ní pápá ìgbọ́kọ̀sí, ó sì gba ibẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́tò náà, bó ṣe máa ń kí i lẹ́yìn ìsìn gbogbo láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú ìsìn, Bàbá."

Bàbá tẹjú mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò. Àpò náà wà lórí àga kejì, kò sì tíì tú u. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò yí i.

"Dìde," ó wí nígbà tó yá. "Ilẹ̀ yẹn le."

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, sà."

"Mi ò ní í dá ẹ lóhùn lónìí."

"Kò burú, Bàbá. Bó bá di Sọ́ńdè tó ń bọ̀, màá tún wá kúnlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, màá wá. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé màá mú abẹ́rẹ́ dání."

Bàbá Ọláolú wá yíjú, ó sì wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Agídí rẹ pọ̀," ló wí.

"Ilé yín ni mo ti kọ́ ọ, sà."

Ó tan mọ́tò. Bọ́lánlé dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn kí táyà má bàa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.